Ohùn Tó Bá Àníyàn Mi Dá Àkókò

Àwọn tó lọ sí ìlú òyìnbó a máa ròyìn òtútù. Èmi kò ní òtútù láti ròyìn. Abúlé kan lẹ́bàá Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ni mo ti wá sí Ìjẹ̀bú-Òde. Yorùbá là ń sọ nílé wa, Yorùbá náà ni mo bá níbẹ̀, mo sì ti fi ọkàn ara mi balẹ̀ pé láti ilé kan sí èkejì ni mò ń lọ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́ ni mo tó mọ̀ pé òkèèrè ni mo wà.

Ọ̀gá Múfú, ẹni tó gbà mí síṣẹ́, wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, "Kí lo mọ̀ ọ́n ṣe gan-an?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo mọ káró tò dáadáa."

"Kí ló ń jẹ́ káró?"

Mo na ìka sí àwọn páálí tí wọ́n kó sẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan pariwo pé, "Táìlì ni, Àgànyìn! Táìlì!"

Bí mo ṣe di Àgànyìn nìyẹn. Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa níwèé nílé, òun ló sì bí káró. Ṣùgbọ́n ta ni màá ṣàlàyé ìyẹn fún? Orúkọ tí bàbá mi sọ mí kò wọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Bí mo bá la ẹnu, wọ́n á wo ara wọn. Bí àwọn náà bá sì ń sọ ìjẹ̀bú láàárín ara wọn, ńṣe ló máa ń dà bíi pé mo dúró lẹ́yìn ògiri, mò ń gbọ́ ohùn àwọn ẹbí mi, mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Iṣẹ́ pọ̀. Lónìí a wà ní Òdogbolú, lọ́la a ti dé Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó á máa pe Ọ̀gá Múfú ní gbogbo wákàtí, wọ́n fẹ́ kí ilé wọn parí kí àlejò Ojúde Ọba tó dé. Ọ̀gá kì í yin ènìyàn, ṣùgbọ́n yàrá tí igun rẹ̀ bá wọ́, èmi ló máa ń fi síbẹ̀. Ìyẹn tó mi. Ọjọ́ Àìkú ni kì í rọrùn. Gbogbo ará ilé tí mò ń gbé á ti wọṣọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á dé, wọ́n á jẹun pẹ̀lú àwọn ẹbí wọn, èmi á jókòó sórí àpótí lẹ́nu yàrá mi, màá máa po gààrí, màá máa wo fóònù.

Fóònù yẹn ni gbogbo ilé mi.

Ní ọjọ́ kan, a wà ní Ìbefun, ẹ̀rọ tí a fi ń gé táìlì ń ké lọ́wọ́ mi, fóònù sì wà nínú àpò aṣọ tí mo fi kọ́ fèrèsé. Nígbà tí mo pa ẹ̀rọ, tí mo nu eruku ojú, mo rí i pé àbúrò mi obìnrin, Bọ́sẹ̀, ti pè, ó ti pè títí ó fi sú u. Ìyá wa ti ṣubú ní àgbàlá. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ru. Kí n tó pè padà, wọ́n ti gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n ti fún un lóògùn, ó ti ń bèèrè ẹ̀kọ mímu. Wọ́n ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán láìsí èmi.

Ó yẹ kí inú mi dùn, inú mi sì dùn lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kejì ni ìbéèrè bẹ̀rẹ̀. Ká ní ó tún ṣubú ńkọ́? Ká ní Bọ́sẹ̀ ti lọ sóko ńkọ́? Kí ló dé tí mo fi kúrò nílé ná? Irú ọmọ wo ni mí? Bí mo bá dáhùn ọ̀kan, á pe èkejì rẹ̀ wá, nígbà tí mo bá sì fi dé ìkẹyìn, ti àkọ́kọ́ á tún ti dìde. Mo ń to táìlì, ìbéèrè ń tò tẹ̀lé mi.

Mo ń pe ilé. Mo ń pè láàárọ̀, mo ń pè kí n tó jẹun, mo ń pè lẹ́yìn tí mo bá jẹun tán.

Bọ́sẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìyá ti lo oògùn. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún yín láìpẹ́ yìí."

"Ṣé ojú rẹ ló ṣe lò ó?"

"Ojú mi ni."

"Ṣé ó gbé e mì?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi."

Ẹni tó wà nílé, tí àyà rẹ̀ bá já nípa ìyá rẹ̀, á dìde, á lọ yọjú sí i nínú yàrá, á sì padà wá jókòó. Ẹni tó wà lókèèrè kò ní yàrá tí yóò yọjú sí. Ọkàn rẹ̀ ló máa ń rán, ọkàn kì í sì í mú èsì dé. Á lọ, á bọ̀ lọ́wọ́ òfo, yóò sì tún sọ pé òun ń lọ.

Láti orí ìyá mi, ìbéèrè náà kọjá sí orí iṣẹ́. Táìlì tí símẹ́ńtì kò bá kún abẹ́ rẹ̀ dáadáa á máa dún bí igbá òfìfo, bópẹ́bóyá á sán. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá kàn án lẹ́ẹ̀kan tó dún gbì, mo ti kọjá lórí rẹ̀. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í padà kàn án. Mo máa ń dé ilé, kí n bọ́ bàtà, kí ó wá sọ sí mi lọ́kàn pé igun kan wà tí mi ò tẹ̀.

Ibi tó gbé mi dé ni ilé Màmá Tíṣà ní Òdogbolú. Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ ni ìyá náà kó tó fẹ̀yìn tì. A ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ ilẹ̀ pálọ̀ rẹ̀ tán. Ọ̀sán Sátidé kan, mo wà ní yàrá mi, táìlì tó wà lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn. Mo ní mo tẹ̀ ẹ́. Ọkàn mi ní mi ò tẹ̀ ẹ́. Mo bá gun ọ̀kadà.

Géètì wà ní ṣíṣí. Mo ké pé, "Ẹ kú ilé o," kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀, mo fi etí lélẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kàn án. Gbì. Gbì. Gbì. Kò sí èyí tó ṣófo. Ṣùgbọ́n bí mo ti dé ìparí ni mi ò rántí bí ti àkọ́kọ́ ṣe dún mọ́, mo sì tún padà.

Ọkùnrin aládùúgbò kan ló rí mi láti ojú fèrèsé. Ohun tí mo kàn gbọ́ ni, "Olè! Olè o!" Kí n tó dìde, ènìyàn ti kún ẹnu ọ̀nà. Ẹnì kan dì mí mú lọ́rùn ẹ̀wù, ẹnì kan mú pákó lọ́wọ́. Mo fẹ́ sọ pé èmi ni mo tẹ́ ilẹ̀ yìí, Faransé ló jáde lẹ́nu mi, ìyẹn sì tún bà á jẹ́ sí i.

"Àgànyìn ni! Ẹ má jẹ́ kó lọ!"

Màmá Tíṣà ti ẹ̀yìnkùlé wọlé, ewúro tó ń já wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn tó fi ń darí ọmọ ilé ìwé ṣì wà níbẹ̀. "Ẹ fi í sílẹ̀! Oníṣẹ́ mi ni. Mo ní ẹ fi í sílẹ̀!"

Wọ́n fi mí sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò lọ. Ìyá náà wò mí dáadáa.

"Kí lò ń wá nílẹ̀, ọmọ mi?"

"Màmá, mò ń gbọ́ bóyá ó ṣófo."

"Ó wá ṣófo bí?"

"Rárá, mà."

"Kí ló wá dé tí o tún ń kàn án?"

Omi bọ́ lójú mi níwájú gbogbo wọn. Ìyá náà lé wọn jáde, ó fún mi lómi, ó sì pe Ọ̀gá Múfú.

Ọ̀gá dé, ó gbá orí mú. "Subhanallah! Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ì bá ti fi ọ́ ṣe?" Ó jókòó tì mí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Mi ò lé ọ o. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ kò ní kan táìlì lọ́dọ̀ mi mọ́ títí ọkàn rẹ yóò fi balẹ̀. Bí kò bá balẹ̀, màá fi ọ́ ránṣẹ́ sílé. Bí wọ́n bá pa ọ́ sílé oníbàárà mi, kí ni màá sọ fún àwọn ènìyàn rẹ?"

Èyí bà mí lẹ́rù ju pákó lọ. Bí wọ́n bá dá mi padà, mi ò ní jẹ́ ọmọ tó lọ mọ́, mi ò sì ní jẹ́ ọmọ tó dé.

Àbígbẹ̀yìn Màmá Tíṣà ló yọ mí. Nọ́ọ̀sì ni, Bùkọ́lá lorúkọ rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìlera kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ní kí n wá rí òun níbi iṣẹ́. Mo jókòó síwájú rẹ̀, mo di apá mọ́ra.

Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, wèrè kọ́ ni mí o."

"Ta ló pè yín ní wèrè? Àníyàn ló jókòó sí yín lọ́kàn tí kò fẹ́ dìde. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan." Ó ní ètò kan wà tí àwọn ń fi sórí fóònù àwọn ènìyàn, ẹ̀kọ́ kéékèèké ni, lédè Yorùbá, ohùn ló ń sọ ọ́, èèyàn á gbọ́, á tẹ èsì, á sì ṣe ohun tó bá ní kó ṣe.

Mo ní, "Fóònù tó ń yọ mí lẹ́nu yìí náà lẹ fẹ́ fi wò mí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Òun náà kúkú ló mọ ibi tó ti gbá yín mú. Ẹ jẹ́ ká fi wò ó. Bí ẹ bá kọ́sẹ̀ níbì kan, ẹ pè mí."

Obìnrin ni ohùn náà. Kò yára, kò sì ké bíi ti àwọn tó ń polówó oògùn. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ bi mí pé ìgbà wo gan-an ni ìrònú náà máa ń dé, níbo, kí ni mò ń ṣe lọ́wọ́. Mo rò pé gbogbo ìgbà ni. Ó ní kí n ṣọ́ ọ. Mo ṣọ́ ọ, mo sì rí i pé kì í ṣe gbogbo ìgbà. Bí ariwo bá dákẹ́ lójijì ló máa ń dé: bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá kú, bí àwọn ọmọdé bá wọlé. Àkókò tí mo pa ẹ̀rọ yẹn ní Ìbefun, tí mo bá ìpè Bọ́sẹ̀, ni ara mi ṣì ń dúró dè.

Ẹ̀kọ́ tó tẹ̀lé e ló mú mi rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n bá àníyàn mi dá àkókò. Kí n yan ìrọ̀lẹ́, kí n yan ibi ìjókòó, kí n máa ronú níbẹ̀ bí mo bá ṣe fẹ́ títí àkókò náà yóò fi pé. Èyí tó bá dé lọ́sàn-án, kí n sọ fún un pé kó padà wá nírọ̀lẹ́. Ṣé oníbàárà ni àníyàn ni? Síbẹ̀ mo ṣe é. Mo gbé àpótí lọ sábẹ́ igi àgbálùmọ̀ lẹ́yìn ilé, mo jókòó, mo ní ó yá, ẹ máa bọ̀. Kò sí èyí tó wá. Adìyẹ kan ló wá. Mo jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bá dá àkókò tí wọn ò yọjú, mo sì sùn lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, àwọn ìrònú náà wọlé wẹ́rẹ́ láìkan ilẹ̀kùn.

Ó lọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kan á dára, ọjọ́ méjì á dàrú. Ẹ̀kọ́ mìíràn ní bí mo bá gbọ́ "kí ló dé" lọ́kàn mi, kí n fi "báwo" rọ́pò rẹ̀: kí n má bèèrè kí ló dé tí mo fi kúrò nílé, kí n bèèrè báwo ni mo ṣe lè ràn wọ́n lọ́wọ́ lónìí. Inú bí mi sí ìyẹn. Ohùn náà kò mọ ìyá mi. Kò mọ bí ilẹ̀ àgbàlá wa ṣe ń yọ̀ bí òjò bá rọ̀. Mo pa ètò náà rẹ́ kúrò lórí fóònù, mo sì ń rìn káàkiri Ìjẹ̀bú-Òde, láti Ìtá-Òṣùgbó lọ títí, láìní ibi tí mò ń lọ. Ẹni tí kò ṣiṣẹ́ ní ìlú onílùú, títì ló máa ń gbà á.

Nọ́ọ̀sì Bùkọ́lá pè. "Mo rí i lórí ẹ̀rọ mi pé ẹ ò gbọ́ ẹ̀kọ́ mọ́. Níbo lẹ ti kọ́sẹ̀?"

Mo sọ fún un. Mo ní, "Ohùn yẹn ò mọ̀ pé ilẹ̀ àgbàlá wa ń yọ̀."

Ó ní, "Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ ọwọ́ yín ńkọ́?"

Mi ò kọ́kọ́ gbọ́ ọ yé. Nígbà tó yé mi, ó ṣe mí bí ẹni pé wọ́n tan iná. Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti ṣubú, mo ti bi ara mi ní kí ló dé títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi gbẹ, mi ò tí ì bèèrè lẹ́ẹ̀kan báwo ni a ṣe lè tún ilẹ̀ tó ṣubú sí yẹn ṣe. Mo pe ọ̀rẹ́ mi kan nílé tí a jọ kọ́ṣẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti fi káró tí ojú rẹ̀ kò dán, tí kì í yọ̀, tẹ́ ilẹ̀ náà láti ẹnu ọ̀nà dé balùwẹ̀. Bọ́sẹ̀ fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. Ìyá mi dúró lórí rẹ̀ láìwọ bàtà, ó ń wo ilẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ bá a sọ̀rọ̀.

Mo dá ètò náà padà sórí fóònù.

Nígbà tó rí i pé mo ti fara balẹ̀ díẹ̀, Ọ̀gá Múfú gbà mí padà sí iṣẹ́ ní ilé kan ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò mí. Ní ọjọ́ kan tí a po símẹ́ńtì tán, mo pe ilé, fóònù ìyá mi kò lọ. Ti Bọ́sẹ̀ náà kò lọ. Ìbéèrè dé bí eṣinṣin. Mo dúró lójú kan, mo bi ara mi ní ohun tí ohùn náà máa ń ní kí n bèèrè: èwo ló wà lọ́wọ́ mi nínú èyí? Ọ̀kan ni mo rí. Mo pe aládùúgbò wa, ó ní òun wà lọ́jà, òun á yà wò wọ́n bí òun bá ń bọ̀. Kò sí òmíràn. Símẹ́ńtì sì ti ń gbẹ.

Mo kúnlẹ̀, mo ń tò ó. Irọ́ ni mo pa bí mo bá sọ pé ọkàn mi balẹ̀. Bí ìbéèrè bá dé, màá sọ fún un pé, "Ìrọ̀lẹ́," màá sì gbé táìlì mìíràn. Ọ̀gá Múfú gbọ́.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, àníyàn ni. Mo ní kó padà wá nírọ̀lẹ́."

Ó wò mí, ó mi orí. "Bá mi sọ fún tèmi náà."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Bọ́sẹ̀ pè. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló kú ní gbogbo àdúgbò. Ìyá mi tilẹ̀ ti lọ kí ẹni tó bímọ.

Láti ìgbà náà mo ń pè lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, nírọ̀lẹ́. Mo rò pé inú wọn á dùn. Ti Bọ́sẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ kan, ìyá mi ní lórí fóònù, "Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

"Rárá o, Ìyá. Kí lẹ rí?"

"O máa ń pè mí láàárọ̀. O máa ń pè mí lọ́sàn-án. Bọ́sẹ̀ ló ń bínú, èmi ò bínú. Bí fóònù bá ti dún, mo mọ̀ pé o wà láàyè. Nísinsìnyí màá jókòó láti àárọ̀, màá máa rò ó, ṣé ọkọ̀ kò gbá a, ṣé wọn ò mú un."

Mo fara ti ògiri. Gbogbo àkókò tí mo fi ń ro tirẹ̀, tèmi ló ń rò, kò sì sí èyí tó sọ fún èkejì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lọ́jọ́ náà, ti Òdogbolú, ti pákó, ti ohùn inú fóònù. Ó sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Kọ́ mi ní ti àkókò yẹn."

Fóònù rẹ̀ kékeré kò gba irú ètò bẹ́ẹ̀, nítorí náà èmi ni mo di ohùn fún un. A ṣe àdéhùn pé nírọ̀lẹ́, kò gbọdọ̀ sí "ṣé ara rẹ yá" ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kí olúkúlùkù sọ ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ náà. Ó lọ ata. Mo gé táìlì yí òpó ká. Ó jókòó pẹ̀lú àwọn aláṣọ títà. Àwọn ọ̀rọ̀ kékeré wọ̀nyẹn gbé wa sún mọ́ ara wa ju gbogbo ìpè ẹ̀rù tí mo ti pè lọ.

Mi ò ní purọ́ pé ó ti tán. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ara mi kì í lélẹ̀, tí mo máa ń dìde jókòó, dìde jókòó, tí mi ò mọ ohun tí mò ń wá. Mi ò sì mọ̀ bóyá Ìjẹ̀bú-Òde ni màá dàgbà sí tàbí màá padà. Bí mo bá fi ìyẹn bi ara mi lọ́sàn-án, mo mọ èsì tí mo máa ń fún un.

Ọjọ́ Àìkú kan, Ọ̀gá Múfú ní kí n wá jẹun nílé òun. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ràṣídì, se ìkọ́kọrẹ́. A jẹ, a ń sọ̀rọ̀, Ọ̀gá ń sọ ìtàn oníbàárà kan tó fẹ́ kí a tẹ́ táìlì sí ara ògiri ilé adìyẹ, mo ń rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Fóònù mi dún. Ìyá mi ni. Mo wo ìta, ilẹ̀ ti ṣú.

"Ó pẹ́ o," ni ó wí.

"Ìyá, ẹ má bínú. Mo gbàgbé."

Mo retí ẹkún. Ẹ̀rín ni mo gbọ́. "O gbàgbé mi! Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Kí ló wà níbẹ̀ tó mú ọ gbàgbé mi?"

"Ìkọ́kọrẹ́ ni, Ìyá. Ewùrà ni wọ́n fi ń sè é."

"Ewùrà? Ṣé kì í ṣe ọ̀jọ̀jọ̀ ni wọ́n ń fi í dín? Báwo ni wọ́n ṣe ń sè é?"

Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo ṣí ohùn fóònù síta, mo gbé e fún Ìyá Ràṣídì. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó kí ìyá mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí bí wọ́n ṣe ń rin ewùrà. Ìyá mi ń fi ti Kétu bèèrè, Ìyá Ràṣídì ń fi ti Ìjẹ̀bú dáhùn, bí ọ̀rọ̀ kan kò bá yé ọ̀kan wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún un sọ. Mo gbọ́ tí ìyá mi bèèrè iye ata. Mo gbọ́ tí Ìyá Ràṣídì gba orúkọ tí bàbá mi sọ mí lẹ́nu ìyá mi, ó fi pè mí, ó ní, "Ó ń jẹun dáadáa, Màmá, ẹ má ṣèyọnu," bí ẹni pé orúkọ náà ti wà lẹ́nu rẹ̀ tipẹ́.

Ọ̀gá Múfú ti abọ́ ẹja sọ́dọ̀ mi. Mo fa ìjókòó mi sún mọ́ tábìlì, mo sì ń jẹun lọ.